Tuntun Inú Páálí àbí Tòkunbọ̀: Láptọ́ọ̀pù Wo Ló Yẹ Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin?

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí Unilorin, KWASU ní Malete, tàbí Pólì Ọ̀fà, àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá tí owó bá ti jọ: ṣé ká ra tuntun inú páálí, àbí ká ra tòkunbọ̀? Tẹ́ ẹ bá dé àwọn ṣọ́ọ̀bù Challenge àti Post Office, owó tuntun kékeré àti ti tòkunbọ̀ gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyẹn. Èmi máa sọ tèmi láìfi bò: ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà jẹun lọ́la, tòkunbọ̀ ni kó rà, bó bá ti lè fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Tuntun tí owó rẹ̀ kò ga

Èyí tí wọ́n sábà máa ń gbé síwájú oníbàárà ni láptọ́ọ̀pù tuntun tó ní Celeron (ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti Intel tí agbára rẹ̀ kéré) nínú, RAM (àyè tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ń lò) 4GB, àti àyè ìkó-nǹkan-pamọ́ 64GB irú èyí tí wọ́n ń pè ní eMMC. Ó fúyẹ́, ó ń dán, wọn ò tíì lo bátìrì rẹ̀ rí, wáráńtì sì wà lórí rẹ̀. “Àǹtí, ẹ ò rí páálí rẹ̀ ni? Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì kàn án.” Òótọ́ ni olùtajà ń sọ. Àmọ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ní RAM 4GB àti àyè 64GB ló kéré jù tí Windows 11 lè gbà. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e délé, kò sí àyè kankan tó ṣẹ́ kù fún un láti mí. Ẹ ṣí Chrome, ẹ ṣí Word, ẹ tún fẹ́ máa wo fídíò ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ kóòdù, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ nìyẹn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, òjé ni wọ́n fi jó RAM àti eMMC mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹnjiníà tó gbówọ́ jù ní Ìlọrin ò lè bá yín fi kún un.

Ẹni tó jẹ́ pé kó tẹ lẹ́tà, kó kàwé, kó sì dara pọ̀ mọ́ ìpàdé orí Zoom nìkan ló fẹ́, kó rà á, ó máa tó o. Ẹni tó fẹ́ kọ́ Python, tó fẹ́ fi Excel tú ìṣirò ńláńlá, tàbí tó fẹ́ ṣe áàpù fóònù, kó gbójú kúrò níbẹ̀. Android Studio tí wọ́n fi ń ṣe áàpù ò tiẹ̀ fẹ́ rí RAM tó bá kéré sí 8GB.

Tòkunbọ̀ tó wá láti ọ́fíìsì

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ ọjà wa, àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ló ti lò wọ́n fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni wọ́n ṣe wọ́n fún: ara wọn le, kíbọọ̀dù wọn dùn ún tẹ̀, wọ́n sì ṣeé tú. Mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa wá: HP EliteBook 840 G5, Lenovo ThinkPad T480, àti Dell Latitude 5490. Ọdún 2018 ni gbogbo wọn jáde, ó sì nídìí tí mo fi dúró lórí ọdún yẹn.

Ọpọlọ Intel ìran kẹjọ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, orí ìran yẹn sì ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti Windows 10, ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wá gbé EliteBook 840 G3, tó jẹ́ ìran kẹfà, torí pé owó rẹ̀ dín, ẹ̀rọ tí Microsoft ti fà lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ló rà. Wọ́n lè fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí rẹ̀ kí wọ́n sì tàn án fún yín pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Àkọlé “Core i7” náà ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn. i7-6600U, core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà) méjì ló ní. I5-8250U, core mẹ́rin. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì ni kẹ́ ẹ máa kà: 8250 jẹ́ ìran kẹjọ, 1135 jẹ́ ìran kọkànlá. Ẹ má wo sítíkà tó wà lára rẹ̀, torí sítíkà ṣeé rà lọ́jà. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà About.

EliteBook àbí ThinkPad?

Ọ̀rọ̀ iná ló máa pinnu ẹ̀. T480 ní bátìrì méjì: ọ̀kan wà nínú, èkejì wà lẹ́yìn, ó sì ṣeé yọ. Ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, iṣẹ́ yín ò ní dúró. Oríṣi mẹ́ta ni bátìrì ẹ̀yìn yẹn: 24Wh, 48Wh, àti 72Wh tó yọ síta díẹ̀ lábẹ́ (Wh ni ìwọ̀n iná tó lè gbà). Ẹni tó ń gbé Ìgbàjà tàbí Òmù-Àrán, tí iná lè lọ láti àárọ̀ dalẹ́, T480 ni mo máa ní kó wá, kó sì ra bátìrì kejì sílẹ̀.

EliteBook 840 G5 ní bátìrì kan ṣoṣo, inú ló sì wà. Tó bá kú, àfi kẹ́ ẹ tú ìdí rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà méjì niná lè gbà wọ̀ ọ́, ihò róbótó ti HP àti USB-C. USB-C nìkan ni T480 ní, nítorí náà ẹ ki ṣájà bọ ihò méjèèjì tó ní lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ rí i pé iná ń wọlé. Ẹ wo ojú rẹ̀ náà: T480 kan wà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1366x768 (iye àmì kéékèèké tó ń gbé àwòrán jáde), kóòdù ò ní hàn dáadáa lórí ìyẹn, 1920x1080 ni kẹ́ ẹ mú. Àwọn EliteBook kan wà tó ní Sure View, ojú wọn máa ń ṣókùnkùn téèyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, èmi ò sì fẹ́ràn ẹ̀.

Latitude 5490 nípọn ju EliteBook lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i lówó tó dín, ẹ mú un.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹni tó ń ra àgbò Iléyá máa ń fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ kó tó sanwó. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde, ẹ fi Full Charge Capacity (iye iná tí bátìrì lè gbà báyìí) wé Design Capacity (iye tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun). Tí àkọ́kọ́ ò bá tó ìdajì èkejì, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á, ẹ tàn án padà, ẹ máa tẹ F10 lórí HP, F1 lórí ThinkPad, F2 lórí Dell, kẹ́ ẹ lè wọ BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti tì í pa, ẹ gbé e padà fún olùtajà, ẹ má gba “a máa bá yín ṣí i lọ́la.” Ẹ fi dátà fóònù yín dán Wi-Fi wò, ẹ tẹ gbogbo kíbọọ̀dù, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà sórí rìsíìtì.

Chromebook tòkunbọ̀ (láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google dípò Windows) tó pọ̀ níta náà, owó rẹ̀ ló ń fa èèyàn. Google ti dá ọjọ́ tí àtúnṣe máa parí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ló sì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀.

Tó bá wá ku G5 tó ní RAM 8GB àti G3 tó ní 16GB síwájú yín lówó kan náà, ẹ gbé G5. Ihò RAM méjì ló ní. Tí owó bá wọlé, ẹ gbé e lọ bá ẹnjiníà ní Tanke tàbí Challenge, kí ó ki 8GB mìíràn bọ̀ ọ́ níṣojú yín.