8mm tàbí 12mm: Laminate Wo Ló Yẹ Ilẹ̀ Ilé Yín?

Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta laminate, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé, l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, 8mm àti 12mm ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú yín. Ẹ lè rí 7mm tàbí 10mm lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n láàrin àwọn méjì yẹn ni iyèméjì máa ń wà. Ẹni tó ń tà á yóò ní 12mm ló dáa jù torí òun ló nípọn jù, òun náà ló sì wọ́n jù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò kún. Mo ti rí ilé tí wọ́n tẹ́ 12mm olówó gọbọi sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Kí ló nípọn nínú rẹ̀ gan-an?

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ègé kan, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Àárín tó dà bíi pákó yẹn, ìyẹ̀fun igi ni, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ títí tó fi le. HDF ni wọ́n ń pè é, òun ló sì kó ìnípọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Orí rẹ̀ ni bébà tí wọ́n tẹ àwòrán igi sí wà, wọ́n wá fi ìbora kan tó mọ́ gaara bo bébà yẹn. Ìbora tó fẹ́lẹ́ yìí ló ń gba ìyà bàtà, iyanrìn àti ẹsẹ̀ àga. Kì í nípọn sí i nítorí pé ẹ ra 12mm.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ojú rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó kó tó họ, lẹ́tà AC tó wà lára páálí ni kí ẹ wò. AC3 tó fún ilé gbígbé. AC4 dáa fún pálọ̀ tí èrò ń wọlé tí wọ́n ń jáde, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. AC5 jẹ́ ti ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù. 8mm tó jẹ́ AC4 lè dán fún ìgbà pípẹ́ ju 12mm tó jẹ́ AC3 lọ. Páálí tí wọn ò bá kọ AC kankan sí, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rà á, bó ti wù kó nípọn tó. Ẹ má sì gba ẹni tó bá ní wọ́n lè fi sáńpépà ha ojú 12mm kó tún di tuntun. Bébà ló wà lábẹ́ ìbora yẹn, tó bá ti họ, ó parí nìyẹn.

Ohun tí 12mm fi ju 8mm lọ

Ìró ni àkọ́kọ́. Bàtà onígìgísẹ̀ lórí 8mm máa ń dún kò-kò-kò bí ẹni ń kan páálí òfìfo. Ti 12mm máa ń dún kíkì, ilẹ̀ náà sì máa ń le lábẹ́ ẹsẹ̀. Èkejì ni eyín tí àwọn pátákó náà fi ń kọ́ra. Ó ní ẹran lára nínú 12mm, kì í tètè ṣẹ́ bí káfíńtà bá fi òòlù gbá a wọlé. 10mm sún mọ́ ọn gan-an lórí nǹkan méjèèjì yìí, bí ẹ bá sì rí i ní AC4, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwúwo náà wà níbẹ̀. Skúwíà mítà kan 8mm máa ń tó kílò méje, ti 12mm sì máa ń tó mẹ́wàá. Ẹni tó ń gbé lókè àjà kẹta mọ ohun tí èyí jẹ́ nígbà tí alábàárù bá ń dá iye.

Bó bá jẹ́ pé torí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni ẹ ṣe ń bẹ̀rù ariwo, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn ju pátákó lọ. Fóòmù 2mm sí 3mm ti tó. Ẹ má tẹ́ ẹ ní ìlọ́po méjì kí ó lè rọ̀. Eyín pátákó á máa tẹ̀, á sì ṣẹ́. Àwọn pátákó kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti lẹ fóòmù mọ́ nídìí láti iléeṣẹ́. Ẹ mú rúlà dání lọ sọ́jà, torí 12mm míì, pátákó 10mm àti fóòmù 2mm ni.

Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ lé

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ gba ọ̀pá aluminíọ̀mù gbọọrọ tí àwọn bíríkìlà fi ń tẹ́jú sìmẹ́ńtì, ẹ gbé e lé ilẹ̀ náà káàkiri. Láàrin mítà méjì, àlàfo tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 3mm lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, 8mm á máa mì, 12mm náà á máa mì, tó bá yá ojú ibi tí wọ́n ti kọ́ra á ya. Táìsì tó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n nígbà tí ẹ bá kàn án, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì dí ojú rẹ̀. Bí owó yín kò bá ká 12mm àti títẹ́jú ilẹ̀ pọ̀, 8mm lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ mú. Mo dúró lórí èyí.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? 12mm pẹ̀lú fóòmù 3mm, 15mm ni ilẹ̀ máa fi ga sí i. Káfíńtà lè fá ìdí ilẹ̀kùn onígi, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn onírin tí ọ̀pọ̀ wa ń lò sí ẹnu ọ̀nà, wẹ́dà ló kàn. Ẹ wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Omi kò mọ̀ 12mm

Bí omi bá wọ ojú ibi tí wọ́n ti kọ́ra, méjèèjì ló máa wú, wọn kì í sì í padà sípò. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa da omi sílẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́, laminate kọ́ ló yẹ ẹ́. Àwọ̀ ewé tí wọ́n fi pa àárín àwọn kan láró kò sọ wọ́n di aláìmumi. Fún ilé ìdáná, SPC, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun òkúta àti ike ṣe, ni kí ẹ béèrè. Ó lè má ju 5mm lọ, síbẹ̀ omi kì í wú u. Ikán náà ń jẹ 12mm bó ṣe ń jẹ 8mm.

Fún ilé tó wà nísàlẹ̀, pàápàá ní agbègbè bíi Lẹ́kì àti Ajah tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, ẹ fi tépù lẹ ọ̀rá funfun mọ́ sìmẹ́ńtì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn tó 0.2mm kí fóòmù tó kàn. Bó bá pọ̀ púpọ̀, ẹ dúró sórí táìsì.

Ìṣirò owó

Ẹ má fi iye páálí wé ara wọn, torí páálí 12mm sábà máa ń gba ilẹ̀ tó kéré. Ká ní yàrá yín jẹ́ mítà mẹ́rin ní fífẹ̀ àti márùn-ún ní gígùn, 20 skúwíà mítà ni. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún ohun tí wọ́n máa gé dànù, ó di 22. Bí páálí 8mm bá gba 2.4, páálí mẹ́wàá lẹ máa rà. Bí ti 12mm bá gba 1.6, ó di mẹ́rìnlá.

Fún yàrá ìsùn, 8mm AC3 ni màá fi síbẹ̀. Fún pálọ̀, 12mm AC4, bí ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn bá gbà á. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn nínú yàrá náà fún wákàtí 48 kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi àlàfo 10mm sílẹ̀ létí ògiri, torí ó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, ó sì máa ń fẹ̀ nígbà òjò. Ẹ ra páálí kan lé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ. Àwọ̀ tó wà lọ́jà lónìí lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.