Áàpù tó ń tọ ipasẹ̀ nọ́ḿbà lọ́tò 5/90: ó mọ àkọsílẹ̀ tọ́jú, kò mọ̀la

Lọ́tò tí à ń sọ níbí ni 5/90. Bọ́ọ̀lù 90 ló wà nínú ẹ̀rọ. Márùn-ún tó jáde ni winning, márùn-ún mìíràn tí wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni machine. Òun ni Bàbá Ìjẹ̀bú, òun ni National tí Gánà ń yọ lọ́jọ́ Sátidé, òun náà ni ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń ta ní kíósì láti Mushin títí dé Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, ìwé ṣáàtì tí wọ́n fi bírò pupa sàmì sí káàkiri ni onílọ́tò ń ká mọ́ abẹ́ apá. Inú fóònù ni ṣáàtì ọ̀hún wà báyìí.

Oríṣi mẹ́ta ni áàpù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni áàpù ọ̀fẹ́ tí ìpolówó kún inú rẹ̀. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí WhatsApp àti Telegram. Ìkẹta ni èyí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú Google Sheets tàbí Excel. Ìkẹta yìí ló dára jù, kì í sì ṣe torí pé kò gba owó. Òun nìkan la lè tú wò láti mọ ohun tó ń ṣe gan-an.

Iṣẹ́ tí áàpù mọ̀ jù ni kó tọ́jú èsì, ibẹ̀ náà sì ni nǹkan ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Nínú Google Sheets, kọ́lọ́ọ̀mù 12 ti tó: A fún ọjọ́, B fún orúkọ eré, C dé G fún winning, H dé L fún machine. Ìlà kan, èsì kan. Bí nọ́ḿbà ṣe jáde ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má tò ó láti kékeré sí ńlá, torí eré wà tó jẹ́ pé nọ́ḿbà tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń sanwó lé. Ẹ wo Settings kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí Locale bá wà ní ti Amẹ́ríkà, 5/11 tí ẹ kọ fún ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kọkànlá á di ọjọ́ kọkànlá Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tó bá sì ju 12 lọ kò ní jẹ́ déètì mọ́ rárá, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà á sí. Nígbà tí ẹ bá wá ní kó to èsì bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ẹ fi sí United Kingdom.

Èsì tí ẹ bá kó láti WhatsApp sábà máa ń wá báyìí: 07-45-12-88-31. Inú àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí, kò sì ní sí ọ̀kan tí ẹ̀rọ máa kà níbẹ̀. Split text to columns lábẹ́ Data ló ń pín in. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Data validation dè é kó má gba nǹkan kan yàtọ̀ sí 1 sí 90. Ìdè yìí kò ní mú àṣìṣe 6 àti 9 tí ojú ṣì kà, kò sì ní mú winning tí wọ́n kọ síbi machine. Orúkọ eré náà tún ń fa wàhálà, torí orúkọ kan náà lè wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì. Áàpù tó bá da méjèèjì pọ̀ ti ba àkọsílẹ̀ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ kọ 1 dé 90 sí kọ́lọ́ọ̀mù N láti ìlà 2, kí ẹ fi =COUNTIF($C$2:$G$301,N2) ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde nínú èsì 300, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,500 géérégé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún áàpù tí ẹ fẹ́ rà náà: ẹ ro iye ìgbà tó kọ fún gbogbo nọ́ḿbà 90 pọ̀, kí ẹ pín in sí 5. Bí kò bá bá iye èsì tó ní òun ní lọ́wọ́ mu, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Ọ̀nà mìíràn tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó mọ èdè onílọ́tò: ẹ tẹ 19 sí turning. Yíyí padà 47 ni 74, ṣùgbọ́n kò sí bọ́ọ̀lù 91 nínú 5/90. Áàpù tó bá gbé 91 jáde, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tó ń tà.

Ojú ewé tí gbogbo wọn fi ń ṣe fáàrí ni ti nọ́ḿbà tó gbóná (èyí tó ń jáde lemọ́lemọ́) àti nọ́ḿbà tó tutù (èyí tí kì í sábà jáde). Ká ní èsì 100 ló wà nílẹ̀. Ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà ló yẹ kí nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ṣe ojúsàájú rárá kì í pín in dọ́gba bẹ́ẹ̀. Nínú 90, èyí tó jáde jù sábà máa ń tó 11 tàbí 12, bíi méjì á sì wà tó jáde lẹ́ẹ̀kan péré tàbí tí kò jáde rárá. Áàpù á wá kun 12 ní pupa, á kun 1 ní búlúù, ojú á sì rí i bí ẹni pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun, kí ẹ fi fọ́múlà yìí sínú rẹ̀: =TRANSPOSE(ARRAY_CONSTRAIN(SORT(SEQUENCE(90),RANDARRAY(90,1),TRUE),5,1)). Ẹ fà á dé ìlà 100, kí ẹ daàkọ rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn gẹ́gẹ́ bí values kó má baà máa yí padà. Lọ́tò èké nìyẹn, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí ilé iṣẹ́. Ẹ kó o fún áàpù kan náà: òun náà á ní tirẹ̀ tó gbóná àti tirẹ̀ tó tutù.

Èyí tó pẹ́ kó tó jáde ló ń jẹ owó ènìyàn jù, torí ó dà bí ẹni pé nọ́ḿbà náà jẹ wá ní gbèsè. Lẹ́yìn èsì 50, bíi nọ́ḿbà márùn-ún ni kò tíì ní jáde rárá, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yẹ kó rí. Ìdá kan nínú 18 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní láti jáde lónìí, bákan náà pẹ̀lú èyí tó jáde lánàá. Bọ́ọ̀lù ò ka ọjọ́.

Àwọn òfin yòókù tí áàpù fi ń yan nọ́ḿbà náà ní ìṣirò tiwọn. Wọ́n á ní ọ̀kan nínú winning ọ̀sẹ̀ tó kọjá sábà máa ń padà wá, wọn kò sì parọ́: ìdá 25.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni, bí kò bá tiẹ̀ sí ìdí kankan. Iye kan náà ni fún machine tó di winning ní èsì tó tẹ̀ lé e. Nọ́ḿbà méjì tó so kọ́ra, bíi 33 àti 34, á wà nínú nǹkan bí èsì kan nínú márùn-ún. Bí áàpù bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin òun gba 25%, ó ti jẹ́wọ́ pé òfin náà kò fi nǹkan kan kún un.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yíyọ nọ́ḿbà gan-an ló wọ́, chi-square ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ iye tó yẹ kúrò nínú iye tó jáde, ẹ fi ohun tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi iye tó yẹ pín in, kí ẹ ro ti nọ́ḿbà 90 pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé bọ́ọ̀lù tó ti jáde kì í padà sínú ẹ̀rọ nínú eré kan náà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi 89/85 sọ àpapọ̀ náà di púpọ̀. Nǹkan bí 89 ló yẹ kó wà. Tó bá ju 112 lọ, ó yẹ kí ẹ tún un wò pẹ̀lú èsì mìíràn, torí ẹ̀rọ tó mọ́ pàápàá máa ń kọjá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ogún. Èsì 100 kéré jù fún èyí, ẹ ní tó 500.

Ìgbà tí áàpù bá wá ń yan nọ́ḿbà fún yín ni ìdánwò gidi. Ọ̀pọ̀ wọn ní ojú ewé tó ń fi hàn pé òfin wọn ì bá ti jẹ ní oṣù tó kọjá. Èsì oṣù tó kọjá ọ̀hún ni wọ́n fi yan òfin náà, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti jẹ? Bí òfin 40 bá wà nínú áàpù, bíi méjì nínú wọn á dà bí ẹni pé wọ́n kọjá ohun tí oríire lásán lè fún ni, láìsí pé ọ̀kankan nínú wọn mọ nǹkan kan. Báyìí ni kí ẹ ṣe é: ẹ ní èsì 600. Ẹ fi 400 àkọ́kọ́ yan òfin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì yí i padà mọ́. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 200 tó kù, ẹ jẹ́ kí òfin náà mú nọ́ḿbà 5 láìwo ìlà tó wà níwájú, kí ẹ ka iye ìgbà tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn jáde. Ọmọdé tó ń mú ìwé pélébé nínú abọ́ á rí i ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nọ́ḿbà 5, perm 2 (ìyẹn ni kí a so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì), jẹ́ láìnì 10, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni láìnì kan. Bí láìnì kan bá jẹ́ ₦10, ₦20,000 ni gbogbo rẹ̀ ná yín. Láìnì nọ́ḿbà méjì kan tó bá jẹ ń san ìlọ́po 240, ìyẹn ₦2,400. Ìgbà mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ jẹ kí owó yín tó padà. Àfi kí áàpù fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó ìlọ́po méjì ọmọdé yẹn.

Bọ́tìnnì kan wà tó tọ́ sí owó, tí ẹnikẹ́ni kì í fi polówó: èyí tó ń ṣírò láìnì àti ìsanwó. Nọ́ḿbà 10 perm 2 jẹ́ láìnì 45, perm 3 jẹ́ 120. Márùn-ún against márùn-ún (kí a so ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kejì) jẹ́ 25. Banker kan (nọ́ḿbà kan tí a gbára lé) against gbogbo nọ́ḿbà yòókù jẹ́ láìnì 89, ₦890 ní ₦10 láìnì kan. Bí banker bá jáde, láìnì mẹ́rin ló máa jẹ, ₦9,600. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 18 ló ń ṣẹlẹ̀, ìgbà 18 sì jẹ́ ₦16,020. Bí a bá wá fi ìlọ́po tí wọ́n sábà máa ń san wò ó, lára ₦100 tí ènìyàn bá fi ta two sure (nọ́ḿbà méjì tí méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde), ₦60 ló ń padà bó bá pẹ́. Nọ́ḿbà mẹ́ta ń san ìlọ́po 2,100, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nínú 11,748 ló ń jáde: ₦18 ló ń padà. Mẹ́rin, ìlọ́po 6,000, ẹ̀ẹ̀kan nínú 511,038: náírà kan àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Márùn-ún, ìlọ́po 44,000, ẹ̀ẹ̀kan nínú 43,949,268: kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Áàpù tó ń ti ènìyàn lọ sí mẹ́ta àti mẹ́rin torí pé owó ibẹ̀ pọ̀, ọ̀nà tó burú jù ló ń fi hàn án.

Àwọn kan ti rí nǹkan nínú lọ́tò lóòótọ́, kì í sì í ṣe nínú èsì àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, Eddie Tipton, tó ń bójú tó ààbò kọ̀ǹpútà fún Multi-State Lottery Association, àjọ tó ń ṣètò lọ́tò fún ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, fi kóòdù sínú kọ̀ǹpútà tó ń yọ nọ́ḿbà, débi pé ó lè mọ ohun tó máa jáde ní àwọn ọjọ́ kan lọ́dún. Tíkẹ́ẹ̀tì Hot Lotto ti Oṣù Kejìlá ọdún 2010, mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, ló kó o sí wàhálà. Fídíò ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi dá ohùn rẹ̀ mọ̀, kì í ṣe ṣáàtì nọ́ḿbà. Jerry Selbee ní Michigan ní tirẹ̀ kò tọ ipasẹ̀ nọ́ḿbà kankan. Ó ka òfin ìsanwó lọ́tò Winfall, ó rí i pé bí owó ńlá bá ti pọ̀ dé ààlà kan tí kò sì rí ẹni jẹ ẹ́, wọ́n ń pín in fún àwọn tó mú díẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ló sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ. 5/90 kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, torí ìlọ́po rẹ̀ kì í yí padà. Òfin àwọn áàpù tó ń sọ pé kí a yọ èsì tó kọjá dànù ńkọ́? Ní Bùlùgéríà, 4, 15, 23, 24, 35 àti 42 jáde ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún jáde ní ọjọ́ kẹwàá.

Ti WhatsApp kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nọ́ḿbà méjì-méjì tó wà nínú 90 jẹ́ 4,005, mẹ́wàá nínú wọn ló ń jẹ nígbàkigbà. Ẹni tó bá fi two sure ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí 400 ènìyàn, ọ̀kan á sábà jẹ, ẹ̀rí ẹni yẹn ni yóò sì fi ta ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò tó ohun tí à ń san owó oṣù lé lórí.

Nínú àwọn ọ̀fẹ́, èyí tó bá jẹ́ kí ẹ gbé èsì jáde bíi fáìlì CSV ni kí ẹ mú, kí ẹ lè kó o lọ sínú Google Sheets. Áàpù èsì kò nílò kó ka SMS yín tàbí kó rí orúkọ inú fóònù yín. Èyí tó bá béèrè, ẹ má gbà fún un, torí inú SMS ni kóòdù báńkì ń gbà wọlé.