Ìwé pẹlẹbẹ wọn sọ ọ̀tọ̀, ìbéèrè wọn sọ ọ̀tọ̀: ohun tí ojú mi rí nígbà tí mò ń múra ìdánwò bar ti New York

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ gboyè ní Nàìjíríà tí ẹ ń múra ìdánwò bar ti New York, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ènìyàn wọlé sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mò ń kọ èyí sí. Mi ò ní í dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo ra ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjà wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù: fídíò, àpò ìbéèrè lórí áàpù, èsé tí olùkọ́ gidi ń máàkì, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kó àwọn òfin tó ṣe kókó jù sí, tí wọ́n ní ká há sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé pẹlẹbẹ yìí ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Òfin ẹ̀rí ni mò ń kà lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kan jáde lórí áàpù. Wọ́n yìnbọn lu ọkùnrin kan. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ní ọsibítù, ara rẹ̀ ti balẹ̀, àmọ́ ó dá a lójú pé òun ò ní í rí ọjọ́ kejì. Ó wá sọ fún nọ́ọ̀sì pé aládùúgbò òun ló yìnbọn lu òun. Ọkùnrin yìí kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ máa fi dé kóòtù, àìsàn mìíràn ti dá a dùbúlẹ̀, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan aládùúgbò náà ni pé ó gbìyànjú láti pànìyàn. Ṣé nọ́ọ̀sì lè wá sọ ohun tó gbọ́ níwájú jury, àwọn ará ìlú tó ń dá ẹjọ́ náà, àbí àgbọ́sọ lásán ni, irú èyí tí kóòtù kì í sábà gbà?

Ìwé pẹlẹbẹ wọn ní a lè lo ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà pé òun ń kú lọ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn èyíkéyìí àti nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo tẹ̀ lé, mo mú bẹ́ẹ̀ ni. Pupa ló gbé jáde. Àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì kò lè sọ ọ́, nítorí pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ìpànìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí lára àgbọ́sọ mìíràn tí òfin gbà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu ènìyàn nígbà tí jìnnìjìnnì ṣì wà lára rẹ̀, torí ara ọkùnrin náà ti balẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló kọ méjèèjì!

Mo lọ ka Federal Rules of Evidence, òfin ẹ̀rí ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀. Rule 804(b)(2) kò lọ́ tìkọ̀: ẹjọ́ ìpànìyàn, tàbí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ìgbìyànjú láti pànìyàn kì í ṣe ìpànìyàn, torí ẹnì kankan kò kú. Ìwé tí wọ́n ní ká há sórí ló ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ àwa tá a ti Nàìjíríà wá ti máa ń yọ̀ nìyí. Nínú Evidence Act 2011 tiwa, ní section 40, ẹni tó sọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti kú, torí ikú rẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ dá lé. Ní Amẹ́ríkà, kò di dandan kó kú. Kó má lè wá jẹ́rìí ti tó, bí ẹjọ́ náà bá wà nínú irú méjì tí òfin dárúkọ. Tiwa tún gbà á bí ẹni náà bá ṣì ní ìrètí díẹ̀ pé òun á yè. Tiwọn kò gbà á: láti ẹjọ́ Shepard ní Kóòtù Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà ní 1933, tí Adájọ́ Cardozo kọ ìdájọ́ rẹ̀, ìrètí gbọ́dọ̀ ti pin pátápátá. Ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni mo torí ẹ̀ ra ìwé. Dọ́là ni mo fi sanwó, láti inú owó oṣù tí wọ́n ń fi náírà san.

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ New York ni àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn ń ṣílẹ̀kùn, agogo méjì ọ̀sán tiwa nìyẹn. Mo ti jókòó dè wọ́n. Mo ya fọ́tò ojú ìwé méjèèjì ránṣẹ́, mo fi òfin gan-an tì í. Ẹni àkọ́kọ́ gba íméèlì mi, ó gba nọ́ńbà ìsanwó mi, ó wá ní kí n yọ áàpù kúrò lórí fóònù, kí n tún un gbé sí i. Mo ṣe é. Kò yí òfin ẹ̀rí padà. Ẹnì kejì kí mi dáadáa, ó ṣàánú mi, ó sì fi ojú ìwé tí mò ń fẹ̀sùn kàn gan-an ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Mo tún ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kẹta ló wá sọ èyí tó mú mi gbóná: ó ní ìdáhùn méjèèjì tọ̀nà, kálukú níbi tó wà, àti pé àkókò tí mo lè fi gba owó mi padà ti kọjá. Ta ló béèrè owó? Òfin ni mo béèrè.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ fi èsé ránṣẹ́ fún máàkì, mo kọ gbogbo ẹjọ́ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé olùkọ́ obìnrin kan tí mi ò lè gbàgbé oore wọn. Wọ́n dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní ìwé ni kò tọ̀nà, wọn ò fi bò rárá. Wọ́n kọ òfin náà ní gbólóhùn kan, wọ́n sì fi ẹjọ́ kékeré mẹ́ta dán mi wò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí èsé mi, wọn ò ṣojú àánú. Wọ́n ní mò ń kọ ọ́ bí ẹni ń rojọ́ níwájú adájọ́ àgbà, mò ń pọ́n kóòtù lé, mò ń tọ ìtàn òfin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni fún èsé kan: sọ òfin, so ó mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, dá ẹjọ́, kọjá. Nígbà tí wọ́n rí i pé agogo méje alẹ́ New York tí wọ́n ń kọ́ni ní tààrà jẹ́ òru gan-an nílùú wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ lórí èsé kọ̀ọ̀kan.

Fídíò ilé-iṣẹ́ náà dára, ní pàtàkì ti ilẹ̀. Àwa tí Land Use Act ti 1978 tọ́ dàgbà, tí a mọ̀ pé ọwọ́ Gómìnà ni ilẹ̀ wà, kò rọrùn fún wa láti gbà pé ènìyàn lè ni ilẹ̀ títí ayé, kí àríyànjiyàn wá di ti ẹni tó kọ́kọ́ lọ forúkọ ìwé sílẹ̀ láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ti rà á. Olùkọ́ inú fídíò yà á sójú pátákó títí ó fi yé mi. Ti àdéhùn náà gún régé: ọjà lábẹ́ Article 2 ti UCC (òfin ìṣòwò Amẹ́ríkà), iṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ òfin tó ti ọwọ́ àwọn adájọ́ wá (common law), ọjà tó bá tó $500 ń fẹ́ ìwé, oníṣòwò tó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun á di iye kan mú kò lè yẹ̀ ẹ́ láàárín àkókò tó dá, bí kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ, kódà bí ẹnì kankan kò san kọ́bọ̀ fún ìlérí náà. Nílé, wọ́n kọ́ wa pé irú ìlérí ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò de ẹnikẹ́ni.

Mo yege, mo kọjá máàkì 266 tí New York ń béèrè. Èsé ló gbé mi dé ibẹ̀, ó sì dá mi lójú pé olùkọ́ yẹn ló ni ín. Bí mo bá tún máa ra ẹ̀kọ́ lónìí, ọ̀dọ̀ olùkọ́ yẹn ni màá padà sí.

2 nínú 5 ni mo fún ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n fi íméèlì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àkíyèsí mi, ṣùgbọ́n wọn ò kọ̀wé sí àwọn tó kù tí wọ́n ra ìwé kan náà, ojú ìwé yẹn sì wà lórí áàpù bó ṣe wà nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, kó fi bírò fa ìlà sí "ẹjọ́ ọ̀daràn èyíkéyìí", kó kọ "ìpànìyàn nìkan" sókè rẹ̀.