Táyà Continental Grand Prix 5000 S TR, 32 mm: ṣé ó tó gbé Paris–Roubaix Femmes?

Ó tó gbé Paris–Roubaix Femmes, ìdíje kẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin lórí ọ̀nà òkúta. Ẹni tó bá ra 32 mm rẹ̀ láti fi gun òkúta àríwá ilẹ̀ Faransé kò fowó ṣòfò. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí i ló sábà máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fún àwọn obìnrin. Wọn á wo iye tí ọkùnrin tó wọn kílò 75 lò, wọn á sì gbé e fún obìnrin tó wọn kílò 55.

Ẹ wo ohun tí táyà náà máa bá pàdé. Ní 2021, ọdún tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ díje níbẹ̀, ìlú Denain ni wọ́n ti gbéra, wọ́n sì parí sí pápá kẹ̀kẹ́ Roubaix. Nínú kìlómítà 116.4 tí wọ́n gùn, 29.2 ló jẹ́ orí òkúta, ó pín sí abala 17, ẹrẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Lizzie Deignan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, já síwájú kí wọ́n tó wọ abala àkọ́kọ́, nígbà tó ku nǹkan bí 80 kìlómítà, kò sì sẹ́ni tó lé e bá títí tó fi gba ipò kìíní. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó parí, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìgbọ̀n yẹn ni táyà gbọ́dọ̀ gbé mì kó tó dé ara ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Túbùlẹ́ẹ̀sì ni táyà yìí, kò nílò túùbù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ilé iṣẹ́ náà ní ó lágbára ju ti GP5000 TL tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni òkúta Roubaix ti ń gé táyà. Ihò tó bá wà lójú táyà, omi adíhò tí wọ́n ń dà sínú táyà lè dí i. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í dí bọ̀rọ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ ń ká, ó ń nà, ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí.

Kí ẹ tó fi sí rímù, ẹ wo téèpù inú rẹ̀. Ó yẹ kó fẹ̀ ju inú rímù lọ ní bíi 2 mm kó lè gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀. Tí ẹ bá ń fi táyà sí rímù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì fáàfù, kí ẹ parí sí ìdí fáàfù. Ìdí ni pé etí táyà gbọ́dọ̀ rì sínú kòtò àárín rímù kó tó dẹ̀, ìdí fáàfù nìkan ni kò ti lè rì. Ẹni tó bá parí sí ibòmíràn á fi irin tì í wọlé tipátipá, irin náà á sì ya téèpù. Ẹ fi ìfófó ọṣẹ pa etí rẹ̀, ẹ yọ inú fáàfù, kí ẹ fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Ó máa dún gbàù bí etí kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń jókòó. Ẹ wá wo ìlà tín-ín-rín tó yí ẹ̀gbẹ́ táyà po. Tí ibì kan nínú rẹ̀ bá rì mọ́ rímù, táyà ò tíì jókòó níbẹ̀. Ẹ tú afẹ́fẹ́, ẹ tún fi ọṣẹ pa á. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ púpọ̀ fipá mú un: lórí rímù tí kò ní ìkọ́ létí láti di táyà mú, 5 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) ni òpin.

Omi adíhò mílílítà 45 tó fún táyà kan. Ẹ fi sírínjì fún un gba ojú fáàfù, ẹ yí wíìlì dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí afẹ́fẹ́ bá ti dín ju 0.5 bar lọ, téèpù tàbí ìdí fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Omi náà ń gbẹ, nítorí náà ẹ máa fi kún un láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ó wá ku afẹ́fẹ́. Fún obìnrin tó wọn kílò 55, lórí rímù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 25 mm, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 3.0 bar níwájú àti 3.2 lẹ́yìn. Gééjì oní-nọ́ńbà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí gééjì ara pọ́ǹpù kì í sábà péye ní irú ìwọ̀n kékeré báyìí. Ẹ gun abala òkúta kan bí ìgbà tí ẹ bá ń díje, ẹ dín 0.1 kù, ẹ tún gùn ún. Tí ẹ bá gbọ́ kì, tí òkúta kan rímù, ẹ ti dín in jù. Ẹ fi 0.2 padà sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje.

Táyà tó le jù máa ń fò lórí òkúta, wíìlì tí kò kan ilẹ̀ kò lè ti kẹ̀kẹ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ìjánu. Ẹni tó fúyẹ́ ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù, torí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò tó tẹ táyà náà mọ́lẹ̀. Lórí Mons-en-Pévèle, abala òkúta tó gùn tó 3 kìlómítà, agbára tó fi ń fò sókè sódò ni kò ní rí lò mọ́ ní Carrefour de l'Arbre, abala òkúta mìíràn tó wà níwájú. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tún ń tú omi adíhò jáde kó tó ráyè dì.

Ẹ mú rọ́bà ìdíhò dání, torí ihò tó bá ju bíi 6 mm lọ kọjá agbára omi náà. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ kì í tètè débẹ̀, ọ̀nà òkúta tóóró. Èyí tó bá jò díẹ̀díẹ̀ ṣì lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó di wíìlì àpààrọ̀ mú ní ìparí abala.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn àyè inú férémù. Lórí rímù tó fẹ̀, 32 yìí lè wú ju 32 lọ, ẹrẹ̀ sì nílò ó kéré tán 4 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti lókè. Tí àyè yẹn kò bá sí, 30 mm ni kí ẹ rà.