Àwọn Afinimọ̀nà Tí A Bá Gun Òkè Aberdare Lọ Wo Paramọ́lẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí paramọ́lẹ̀ tí a ń pè ní Montatheris hindii níbi tó ń gbé, àfi kó lọ sí orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, nítorí pé orí òkè Aberdare àti òkè Kẹ́ńyà nìkan ló wà, ní ibi tó ga tó nǹkan bíi mítà 2,700 sí 3,800. Ìlú Nyeri wà láàárín òkè méjèèjì, ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gba àwọn afinimọ̀nà kan fún ọjọ́ méjì.

Mo fọwọ́ sọ̀yà fún ìmọ̀ ọkùnrin tó ṣáájú wa. Ìdájí ni a ti múra tán, àmọ́ ó ní kí a fara balẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé ìrì a máa dì sórí koríko lóru lókè níbẹ̀, ejò náà yóò sì ká jọ sí ìdí koríko títí oòrùn yóò fi mú dáadáa. Ìgbà náà ni yóò tó jáde wá yá oòrùn, kó sì wá ọ̀gà, alángbá kéékèèké tàbí àkèré jẹ. Bó ṣe wí ló rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, ó na ọ̀pá sí ìdí koríko kan, a sì rí i: ejò aláwọ̀ eérú tí àmì dúdú onígun mẹ́ta tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ kò ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ. Inú mi dùn púpọ̀ pé kò fọwọ́ kàn án, kò sì jẹ́ kí a sún mọ́ ọn ya fọ́tò.

Ètò ààbò wọn ni n kò fara mọ́. Ejò olóró ni, kò sì sí oògùn apa-oró tí a ṣe fún tirẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ ilé ìwòsàn tí a ó sáré lọ bí ó bá bu ẹnì kan jẹ, bí mo tilẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò kìlọ̀ fún wa nípa bàtà pẹ̀lú. Bàtà kánfáàsì ni ẹ̀gbọ́n mi fi rìn nínú koríko náà.

Ẹ má ṣe gba ọjọ́ kan ṣoṣo. Kùrukùru bo orí òkè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ kejì wa, a kò sì rí ejò kankan.