Dáì UV àti tọ́ọ̀ṣì ẹ̀: bó ṣe bá mi wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò lára Camry 2000 mi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: ìgò dáì kékeré yìí, ìyẹn aró tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì tó máa ń dán tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i, kì í tún nǹkan kan ṣe lára mọ́tò o. Ibi tí ọ́ìlì ti ń jò ló máa ń fi hàn, ẹni tó bá rà á pé ó máa dí i, owó ẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ó ṣe é dáadáa, mo gbà fún un.

Ẹ́ńjìnì 2.2 ló wà nínú mọ́tò mi, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 5S. Ó ti pẹ́ tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀, nígbà tó wá burú, tí mo bá lọ sí Ọ̀fà kí n tó padà dé Ìlọrin, ọ́ìlì ojú géèjì á ti sọ̀ kalẹ̀ gan-an. Mo máa ń tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́, tílẹ̀ bá fi mọ́, ibi tí ẹ́ńjìnì àti gíà ti pàdé yẹn gan-an ló ń kán sí. Àwọ̀ ẹ̀ dúdú, torí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ́ìlì gíà, pupa nìyẹn máa ń jẹ́. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ò tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ wò ó dáadáa tó fi ní "Alhaji, bákì síìlì ni, gíà la máa sọ kalẹ̀." (Bákì síìlì ni rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, níbi tó ti pàdé gíà.) Òmíì ní Gàá Akanbí ní rárá, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnì ni, òun á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń gbà láti sọ gíà kalẹ̀, yàtọ̀ sí pé gíà tí ò ṣe mí ní nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ máa tú u fún?

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tó ń kán sí kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Ọ́ìlì á ṣàn wá sísàlẹ̀, atẹ́gùn á tún gbá a sẹ́yìn tí mọ́tò bá ń sáré, eruku ọyẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ á dúdú pátápátá, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ orísun ẹ̀.

Ọnláìnì ni mo ti rà á, wọ́n gbé e wá bá mi ní Tańkẹ̀. Owó ẹ̀ ò ju ti gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan lọ. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ìgò dáì 30ml, tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń tan iná elésè àlùkò, àti dígí ojú aláwọ̀ yẹ́lò. Mo kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ́ńjìnì nígbà tó tutù, mo fi ọ̀rá bo kọ́ìlì àtàwọn wáyà, mo fi omi ọṣẹ ṣan án, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má fo ìyẹn o, tí ọ́ìlì àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa kàn dààmú ara yín ni. Mo fi àrọ da dáì sínú ọ́ìlì, mo wa mọ́tò dé Gẹ̀rí Àlímì, mo sì padà wálé kí n lè dúró dòkùnkùn. Ti òkùnkùn ò ṣòro ládùúgbò wa, àwọn NEPA ti bá wa bójú tó ìyẹn.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wọ dígí, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnì dúdú kírikíri, àfi ìlà kan tó ń dán bí ojú ológbò. Igun ẹ̀yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnì, lápá ibi tí gíà wà, ló ti bẹ̀rẹ̀, tínínrín báyìí bí òwú, ó gba abẹ́ họ́ọ̀sì kan kọjá, ó sọ̀ sórí gíà, ó yí etí ẹ̀ po, ìsàlẹ̀ ló wá ti kóra jọ tó ń kán. Bákì síìlì tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, òkè pátápátá lọ̀rọ̀ ẹ̀ wà! Mo pe mẹkáníìkì tó ní bákì síìlì ni yẹn wá lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé dígí lé e lójú. Ó wò ó títí, ó ní "Háà, Alhaji, kọ́fà ni o, ẹ má bínú." Ló bá bi mí bóyá mo lè ta tọ́ọ̀ṣì yẹn fún òun.

Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́fà la pààrọ̀, èyí àtijọ́ ti gan débi pé ṣe ló ń dá sọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó má fi gọ́ọ̀mù kun gbogbo ẹ̀, àwọn igun tó yẹ nìkan, torí èyí tó bá pọ̀ jù lè já bọ́ sínú ọ́ìlì kó lọ dí sítírénà, ìyẹn asẹ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. A tún yọ fáàfù PCV, a mì í, kò dún rárá, ó ti dí. Tí ìyẹn bá ti dí, èémí ẹ́ńjìnì ò ní ríbi gbà jáde, á máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì èyíkéyìí tó bá ti rọ̀. A pààrọ̀ òun náà. Nígbà tí mo tún tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìyẹn, òkè ti gbẹ, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń yọ díẹ̀ ní ìdí ọ́ìlì swíìṣì (èyí tó ń tan iná ọ́ìlì níwájú dírẹ́bà), ìyẹn ò sì le, swíìṣì tuntun ló parí ẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú: tọ́ọ̀ṣì yẹn ò lágbára, ó fẹ́ kéèyàn sún mọ́ ọn gan-an, bátìrì tó bá a wá sì ti kú kí n tó ṣe tán. Dígí ẹ̀ náà fẹ́lẹ́, apá ẹ̀ kan ti ṣẹ́. Dáì ọ̀hún kì í bọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́, tó bá sì ta sí ara ẹ́ńjìnì nígbà tẹ́ ẹ ń dà á, ibẹ̀ náà á máa tàn, ẹ ó rò pé ó ń jò. Tí ọ́ìlì yín bá ń tú yàà, ẹ má ra nǹkan kan, ojú lásán ti tó ìyẹn. Fún èyí tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wá, mo fún un ní 4 nínú 5. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ara ìgò ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ti ọ́ìlì ni, torí wọ́n ń ta ti omi radiétọ̀ àti ti AC náà, ti omi yẹn ò sì ní bá ọ́ìlì pò.