Ẹ wo ọrùn ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó Amarone o!

Ẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ fẹ́ràn wáìnì pupa, ẹ dúró ná. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Ìgò mẹ́fà, £40 ìkọ̀ọ̀kan, £240! Lórí WhatsApp ni. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní Amarone Riserva ni, wáìnì pupa tí wọ́n tọ́jú pẹ́ kí wọ́n tó tà á, láti Valpolicella lẹ́bàá Verona ní Ítálì. Mo fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún bàbá ìyàwó mi ni mo rà á fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ròyìn ohun tí mo tọ́ wò ní Verona fún wọn: bí wọ́n ṣe ń tẹ́ àjàrà Corvina, Corvinone àti Rondinella sílẹ̀ kó gbẹ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fún un, bó ṣe ń ki lẹ́nu, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ṣẹ́rí gbígbẹ àti ṣokoléètì, tí ìkorò díẹ̀ á wá kẹ́yìn. Ìkorò yẹn ló fún un lórúkọ.

Mo ṣí i níwájú gbogbo ẹbí. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n wojú mi, wọ́n rọra gbé e kalẹ̀. "Ó dáa, ọmọ mi." Wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi náà tọ́ ọ wò. Sóbò tí wọ́n bu omi lé lẹ́ẹ̀mẹta! Mo ṣí ìkejì, bákan náà. Mo ṣí ìkẹta pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ o! Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Láti ìkórè 2010, Amarone gidi máa ń ní bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́rùn, tí ìjọba Ítálì tẹ̀, tí wọ́n kọ DOCG (àmì ìpele tó ga jù fún wáìnì Ítálì) àti nọ́ńbà sí. Èèyàn ò lè ṣí ìgò náà kí bébà yẹn má ya. Tèmi ò ní nǹkan kan lọ́rùn. Mo bi í, ó ní kọ́sítọ́ọ̀mù ló yọ ọ́. Mo sì gbà! Àgbàlagbà bíi tèmi!

Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ni. £40 kì í ṣe owó ọ̀pọ̀ téèyàn á fi fura. Olè ni, òun ni kí ojú ó tì. Nígbà tí mo pè é, ó ní ẹnu mi ni kò mọ wáìnì. Ẹnu mi! Ẹnu tó ti mu ún ní Verona! Ó sì búlọ́ọ̀kì mi.

Ẹ wá bébà yẹn. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò: Amarone kì í ní ọtí tó dín ní ìdá 14 nínú 100, 12 ni wọ́n kọ sára tèmi, wínníwínní. Ẹ fi káàdì sanwó. Ó tán. Èmi ò ra ọtí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí fóònù mọ́, ì báà ṣe ọmọ ìyá mi. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ìgò mẹ́ta tó kù wà lábẹ́ síńkì. Ìyàwó mi ní kí n dà á nù. Mi ò dà á nù. Trading Standards, àwọn tó ń gbógun ti ọjà ayédèrú, ni mò ń gbé e lọ fún lọ́jọ́ Ajé.